Sísọ Ẹ̀rọ Géèmù Àfọwọ́mú di ti Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ojú, bọ́tìnì àti bátìrì ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú wà lára ohun kan ṣoṣo. Tí ojú yẹn bá fọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn á kà á sí pàǹtí, bẹ́ẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Iṣẹ́ yìí ni gbígbé irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ sínú àpótí mìíràn, kí àwòrán rẹ̀ yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, kí a sì fi páàdì máa gbá a.

Nintendo, tó gbé ẹ̀rọ àfọwọ́mú Game Boy jáde ní 1989, ti ṣe irú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Super Game Boy ti 1994 dà bí kásẹ́ẹ̀tì tí a ń kì bọ Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù orí tẹlifíṣọ̀n, ọpọlọ Game Boy sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n aago Super Nintendo ló ń tẹ̀ lé, nítorí náà géèmù ń yára jù díẹ̀, orin rẹ̀ náà sì ń ga sókè. Ẹ̀dà kejì, tí wọ́n tà ní Japan ní 1998, ní aago tirẹ̀. Game Boy Player, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, dé ní 2003 fún GameCube, tí òun náà jẹ́ ti orí tẹlifíṣọ̀n.

Pánẹ́ẹ̀lì Game Boy Advance (2001) ló dára jù láti fi ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Ó ń rán àwòrán tó jẹ́ àmì (pixel) 240 × 160 sí ojú rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, HDMI, ọ̀nà tí tẹlifíṣọ̀n òde òní ń gbà gba àwòrán, kò sì gbọ́ èdè yẹn. Oníṣẹ́ á fi òjé jó àwọn wáyà tín-ín-rín mọ́ ibi tí ojú ti ń gba àwòrán, á sì darí wọn sínú chip FPGA, tó ń kó àwòrán jọ, tó sì ń sọ ọ́ di ńlá. Ìlọ́po mẹ́rin gééré jẹ́ 960 × 640, ó sì wọ inú 1280 × 720, pẹ̀lú etí dúdú yíká. Ẹ jẹ́ kí etí dúdú yẹn wà. Ẹni tó bá fi ipá na àwòrán kún ojú tẹlifíṣọ̀n ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí àmì kan á sanra ju èkejì lọ. Game Boy àkọ́kọ́ rọrùn jù níbi yìí: ìlà 144 ojú rẹ̀ lọ́nà márùn-ún jẹ́ 720 gẹ́lẹ́.

Ní Niamey, olú-ìlú Niger, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú ọ̀nà fífi àwọ̀ ránṣẹ́, SECAM ni Niger ń lò tẹ́lẹ̀, PAL sì ni Nàìjíríà. Géèmù PAL tí oníṣòwò bá gbé gòkè wá sí ọjà Grand Marché kì í ní àwọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tó gbọ́ SECAM nìkan. HDMI ti pa ààlà yẹn rẹ́.

Ìṣòro iná mànàmáná ló kù. Láti ibùdó iná Kainji ní Nàìjíríà, lórí Odò Ọya, ni wáyà iná ti ń lọ sí Niamey láti àwọn ọdún 1970, Nàìjíríà sì dá iná náà dúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìfipágbàjọba July 2023 ní Niger. Bátìrì kékeré méjì péré ni Game Boy Advance ń jẹ. Pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tí a sọ di ti ilé ṣì lè lo iná ṣájà fóònù, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.