Ìwé Awakọ̀ Òfuurufú, Ìtàn Wa

Ní Kétu, bí a bá ń fi ọba tuntun jẹ, Bàbá Elégùn ni ó ń ka orúkọ àwọn ọba ìṣáájú láìwo ìwé. Ta ni yóò ka ìtàn àwọn awakọ̀ òfuurufú wa?

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1961, ní Yaoundé, orílẹ̀-èdè 11 fọwọ́ sí àdéhùn tí ó bí Air Afrique. Dahomey, tí í ṣe Bẹ̀nẹ̀ òní, wà nínú wọn. Tógò dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ wọn fò dé Paris àti New York. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ náà wó.

Bí ilé bá wó, ẹrù a fọ́n ká. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kó fọ́tò, tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé àkọsílẹ̀ àwọn awakọ̀ jọ sínú yàrá rẹ̀ kò ṣe eré ọmọdé. Nínú ìwé bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ń kọ ọjọ́, irú ọkọ̀, ibi tí ó ti gbéra, ibi tí ó balẹ̀ àti iye wákàtí tí ó fò. Ṣùgbọ́n fọ́tò tí a kò kọ orúkọ sí yóò yadi lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn àgbà wa léèrè, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàrin wa.