Aṣọ̀rọ̀mágbèsì àti Àwọn Tí Ó Gba Èsì

Àpótí kékeré kan wà lára ògiri ilé bàbá bàbá mi ní Ìbàdàn. Nígbà tí mo gbọ́njú, ó ti yadi; wáyà tí ó so ó mọ́ òpó ìta ti já, àwọn ọmọdé sì ti yọ bọ́tìnnì ojú rẹ̀ ṣeré. Ìyá àgbà ni ó sọ fún mi pé àpótí yìí ti jẹ́ ẹni iyì rí nínú ilé náà. Ó ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, bí ó bá kí ènìyàn, àwọn àgbà a máa dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń dáhùn ni òun náà ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ, kò dúró, kò sì wẹ̀yìn. Aṣọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ènìyàn wa sọ ọ́, orúkọ náà sì bá a mu.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yìí ti ń kọ mí lóminú. Ṣé ìwà rédíò ni kí ó má gba èsì ni, tàbí ẹnìkan ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Mo ti wá ìdáhùn kiri nínú ìtàn, ibi tí mo sì ti rí i ni ibi tí n kò rò rárá: inú wáyà iná ilé. Ìdáhùn náà ni mo fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin òǹkàwé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àpótí náà fúnra rẹ̀. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Èkó. Ó sì dé Ìbàdàn ní 1939. Kì í ṣe rédíò gan-an. Ẹ̀rọ ńlá kan wà ní ibì kan nínú ìlú tí ń gba ohùn láti òkè òkun, tí ó sì ń fi wáyà pín in sí ilé àwọn tí ń san owó oṣooṣù. Ohun tí ó wà nínú àpótí kò ju èyí tí ń gbé ohùn jáde lọ. Kò ní agbára tirẹ̀. Ilé tí kò ní iná mànàmáná rárá lè ní in, nítorí pé ibòmíràn ni agbára tí ń mú un sọ̀rọ̀ ti ń wá. Ẹni tí ń jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò ní yan ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní àkókò kan náà, àwọn kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè tí rédíò wọn ń gba èsì. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí ohun tí wọ́n ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ ni òmíràn, àgbẹ̀ ni òmíràn, oníṣòwò ni òmíràn. Ìfẹ́ ni ó mú wọn kó ẹ̀rọ jọ sínú yàrá, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lójú sánmà. Afìfẹ́ṣe ni n ó máa pè wọ́n. Ohun kan tí ó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé inú ilé wọn ni iná tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ wà.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iná títa ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Wọn a fa iná láti ara wáyà ilé, wọn a sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì nínú tiransífọ́mà, wọn a sì jẹ́ kí ó máa ta pàrà láàárín irin méjì. Títa gígùn àti títa kúkúrú ni kóòdù Morse wọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti tẹ kọ́kọ́rọ́ Morse rẹ̀, gílóòbù yàrá ìyá rẹ̀ a ṣẹ́jú. Èyí tí ó tún burú ju èyí lọ ni pé iná líle náà a máa sá padà sínú wáyà ilé, a sì máa ba gílóòbù àti mítà iná jẹ́. Báyìí ni àwọn afìfẹ́ṣe ṣe kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wọn, pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí ayé gbọ́ ohùn òun, kí ó kọ́kọ́ tún wáyà ilé ara rẹ̀ ṣe. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Wáyà tí wọ́n bá nílẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1882 ni Thomas Edison bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná ní New York, ní nǹkan bí 110 fóòtì. Bàbà tí ó ń lò fún wáyà wọ́n púpọ̀. Nítorí náà ní 1883, ní ìlú Sunbury ní Pennsylvania, ó fi wáyà mẹ́ta rọ́pò méjì lórí òpó. Láti wáyà àárín sí èyíkéyìí nínú àwọn méjì yòókù, 110 fóòtì ni. Ṣùgbọ́n láti wáyà ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni. Ètò yìí kò tíì kúrò ní ilé Amẹ́ríkà títí di òní, àfi pé ó ti di 120 àti 240. Àwọn afìfẹ́ṣe rí èrè ńlá níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá ń fa wáàtì 2,400, yóò gba ámpíà 20 lórí 120 fóòtì, ṣùgbọ́n ámpíà 10 péré lórí 240. Nígbà tí ámpíà bá sì dín sí ìdajì, ooru inú wáyà kan náà yóò dín sí ìdá mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ní ẹ̀rọ líle fi ń fa wáyà ọ̀tọ̀ láti ibi pákó iná ilé wá sí yàrá rédíò rẹ̀.

Ìjọba kò ṣàì rí agbára yìí. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Titanic rì ní oṣù kẹrin ọdún 1912, Amẹ́ríkà ṣe òfin ní oṣù kẹjọ ọdún náà pé agbára afìfẹ́ṣe kò gbọdọ̀ ju wáàtì 1,000 lọ, ìgbì rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gùn ju mítà 200 lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà rò pé ìgbì kúkúrú kò wúlò fún ọ̀nà jíjìn. Àkìtàn ni wọ́n rò pé àwọn jù wọ́n sí. Wọn kò mọ̀ pé oko ọlọ́ràá ni.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1921, ẹgbẹ́ àwọn afìfẹ́ṣe Amẹ́ríkà rán Paul Godley lọ sí Ardrossan ní Scotland. Nínú àgọ́ létí òkun ni ó ti gbọ́ àmì àwọn ènìyàn rẹ̀ láti òdìkejì òkun, ṣùgbọ́n kò lè dá wọn lóhùn. Fáàfù, ohun èlò onígíláàsì bí gílóòbù, ti ń gba ipò iná títa nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1923, Léon Deloy ní Nice ní ilẹ̀ Faransé sọ̀rọ̀, Amẹ́ríkà sì dáhùn, lórí ìgbì tí kò ju nǹkan bí mítà 110 lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 1924, Frank Bell, tí ń gbé ní oko àgùntàn ní New Zealand, bá Cecil Goyder sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Mill Hill ní London. Ìpẹ̀kun ayé kan ń bá ìpẹ̀kun kejì sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀: ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Goyder nígbà náà.

Ẹ má ṣe rò pé iná rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, fóòtì ìlú kan kì í ṣe ti ìkejì, títí di ìgbà tí òfin 1926 bẹ̀rẹ̀ sí í so wọ́n pọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé kò tilẹ̀ ní iná. Bátìrì olójé ni wọ́n ń gbé lọ gba iná ní ṣọ́ọ̀bù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará abúlé wa ti ń gbé fóònù lọ ṣáàjì.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ó dùn mí jù. Ìgbì kúkúrú tí àwọn afìfẹ́ṣe là sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àti èsì ni BBC gùn lé ní oṣù kejìlá ọdún 1932, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso sọ̀rọ̀. Ohùn yẹn náà ni ẹ̀rọ Èkó ń gbà ní 1935, tí ó ń pín fún àwọn àpótí. Ọ̀nà àlọ àti àbọ̀ ti di ọ̀nà àlọ nìkan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1939, nígbà tí ogun dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pa àwọn afìfẹ́ṣe wọn lẹ́nu mọ́, bí wọ́n ti ṣe ní 1914. Ọdún yẹn gan-an ni àpótí wọ Ìbàdàn. Ẹni tí ó ní iná àti ẹ̀rọ nílé ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ẹni tí ó ní àpótí lásán kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Nítorí náà, mo dá rédíò láre. Kì í ṣe òun ni kò gba èsì. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò fún wa ní àyè àtifèsì.

Àyè náà ti ṣí sílẹ̀ báyìí. Kí a tó gba òmìnira, ZD2 ni orúkọ tí àwọn afìfẹ́ṣe ilẹ̀ yìí fi ń pe ara wọn lójú sánmà. 5N ni lónìí. Ẹ lè sọ pé iná wa kì í dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n rédíò afìfẹ́ṣe oníwáàtì 100 kò béèrè ju nǹkan bí 13.8 fóòtì lọ, èyí tí bátìrì ọkọ̀ àti agbára oòrùn lè pèsè. Ó lè fa ámpíà 20 nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà kí wáyà rẹ̀ nípọn, kí ó kúrú, kí fíúùsì sì wà nítòsí bátìrì. Kí a ri irin mọ́lẹ̀ dáadáa fún wáyà ìta, kí a sì yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ kí òjò tó ṣú, nítorí Olúkòso kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Kí a sì gba ìwé àṣẹ bí òfin ti wí.

Bí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa bá ní irú ilé rédíò bẹ́ẹ̀, inú mi yóò dùn. Ìyá àgbà ti lọ, àpótí ara ògiri náà sì ti lọ. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ó kí ayé ní èdè wa láti orí bátìrì tirẹ̀, kí ó sì dákẹ́ díẹ̀ láti gbọ́ ẹni tí yóò dáhùn.