Ọmọ Yorùbá, Ọmọ Ijaw: Ilé Tí Ọlá Rótìmí Ti Jáde

Sapele ni wọ́n bí Ọlá Rótìmí sí, lọ́jọ́ 13 oṣù Kẹrin, ọdún 1938. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Ijaw ni ìyá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fẹ́ràn eré orí ìtàgé.

Nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní 1968, wọ́n ṣe eré rẹ̀, The Gods Are Not to Blame, ní Ifẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìtàn Oedipus ló tún sọ. Ṣùgbọ́n kí ló mú Ọdẹ́wálé pààyàn? Àgbàlagbà kan fi ẹ̀yà rẹ̀ ṣẹ̀sín ni. Kò mọ̀ pé bàbá tó bí òun ni. Ọmọ ẹ̀yà méjì ló kọ ọ́: ó mọ̀ pé ẹni tí à ń pè ní àjèjì lè jẹ́ ẹbí ẹni.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tí wọ́n bí sí Tamale pàápàá di ẹrù wọn. Òrìṣà kọ́ ló lé wọn. Ènìyàn ni.