Bí Iná Bá Kú

Àwọn àgbà ló wí pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Níbi òkú àgbà ni a sábà máa ń gbọ́ òwe yìí, nígbà tí àwọn ọmọ olóògbé bá tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú aṣọ ẹbí, tí olórí ẹbí sì ń fi ọkàn wọn balẹ̀ pé ilé kò ní í dahoro. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ nìkan ni òwe náà ń sọ. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá ti bá àwọn aláró gbé rí mọ̀ pé eérú kì í ṣe ohun ìdanù.

Ewé èlú ni aláró ń gún nínú odó, tí ó ń ṣù, tí ó ń sá gbẹ. Yóò sun igi àti èèpo kòkó di eérú, yóò da eérú náà sínú ìkòkò tí a lu nídìí, yóò gbé e lé orí ìkòkò mìíràn, yóò sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ kí ó lè máa ro sí ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni yóò fi rẹ èlú fún ọjọ́ mélòó kan, títí òórùn rẹ̀ yóò fi gba gbogbo agboolé. Aṣọ tí a bá rì bọ inú rẹ̀ kì í jáde ní àwọ̀ aró: ó máa ń rí bí ewé tútù nígbà tí a bá kọ́kọ́ fà á yọ, afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni.

Ìdí irú ìkòkò báyìí ni Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, gbajúmọ̀ aláró, gbọ́njú sí ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí a bí i sí ní 1951. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá rẹ̀ papò dà, ìyá àgbà rẹ̀ kò sì pẹ́ tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ìyá ńlá ẹbí, ẹni tí ọmọ náà jẹ́ ìran kẹrin sí, ni ó wá balẹ̀ sí, arúgbó ahunṣọ tí ó jẹ́ aṣáájú àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà. Ẹ ò rí i pé òwe yí orí padà níhìn-ín: àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ṣáájú lọ, ògbólógbòó ni ó kù tí ó ń wá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kò jókòó kó máa ráhùn. Ó fa ọmọdé náà sídìí òfì ìdúró àti ìkòkò aró.

Nígbà tó yá, ní Òṣogbo, níbi tí iná ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo ti ń jó, Níkẹ̀ẹ́ di ìyàwó Twins Seven-Seven, ayàwòrán tí aya rẹ̀ pọ̀ nílé. Gbogbo wa la mọ ohun tí Yorùbá máa ń fi orogún ṣe nínú àlọ́. Ṣùgbọ́n Níkẹ̀ẹ́ kọ́ àwọn orogún rẹ̀ ní àdìrẹ àti bàtíìkì. Èyí yà mí lẹ́nu ju pé ó pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé àṣà Goethe ní Èkó ní 1968 lọ, ó sì yà mí lẹ́nu ju ìrìn-àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1974 lọ, nítorí pé òkìkí lè bá ẹni kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi àṣírí ọwọ́ rẹ̀ han orogún ti sọ ara rẹ̀ di ìyá. Ní 1983 ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo; lẹ́yìn náà ó padà sí Ògìdì lọ kó àwọn obìnrin ahunṣọ jọ. Ó dé Ítálì pàápàá, ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa tí òwò nàbì ti gbé dé ibẹ̀ níṣẹ́ ọwọ́, ìjọba ilẹ̀ náà sì dá a lọ́lá ní 2006. Màmá Níkẹ̀ẹ́ ni tàgbà tèwe ń pè é.

Ní Òṣòdì wa níbí, láti abẹ́ afárá dé ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń kérò, àdìrẹ kò wọ́n lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ yí etí aṣọ náà wò: èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣá, ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́, bóyá ní ilẹ̀ Ṣáínà, lọ́wọ́ ẹni tí kò rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn rí, tí ó sì ń tẹ àrà àdìrẹ tí à ń pè ní Ìbàdàndùn tòpótòpó. N kò bá ẹni tí ń tà á jà, ebi kì í gbọ́ ìwàásù. Aṣọ tí a fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún yà, tí a rì léraléra, ó gbówó lórí. Ohun tí mo ń bá jà ni kí á máa pe èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní ọmọ èyí tí ọwọ́ ṣe.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti jáde ìwé mẹ́wàá tí ó ń rìn kiri gareeji, Òṣogbo kò jìnnà, ọ̀fẹ́ sì ni Màmá Níkẹ̀ẹ́ fi ń kọ́ni níṣẹ́ níbẹ̀.