Àwo Bàbà Tí Faraday Yí

Kí n tó kọ ìṣirò iná mànàmáná sójú pátákó, mo máa ń kọ́kọ́ sọ ìtàn Michael Faraday fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Iṣẹ́ dídi ìwé ló kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì kàwé ìṣirò. Síbẹ̀, òun ló rí ohun tí ìṣirò náà ń kà.

Àdììtú kan ti wà nílẹ̀. Ní 1824, François Arago, ará Faransé, rí i pé bí a bá ń yí àwo bàbà lábẹ́ abẹ́rẹ́ òòfà, abẹ́rẹ́ náà á máa tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ òòfà kì í fa bàbà.

Faraday fẹ́ tú àdììtú yìí. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, 1831, ó gbé àwo bàbà tó fẹ̀ tó ínǹṣì 12 sáàárín ẹnu òòfà ńlá ti Royal Society. Ó fi wáyà kan kan ọ̀pá àárín rẹ̀, ó fi èkejì kan etí rẹ̀, ó wá so méjèèjì mọ́ galvanometer, ẹ̀rọ tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń yà bí iná bá ń ṣàn. Bó ṣe ń yí àwo, abẹ́rẹ́ galvanometer yà sápá kan. Ó yí i sódì, abẹ́rẹ́ náà yà sódì. Níwọ̀n ìgbà tí àwo bá ń yí, iná ń ṣàn.

Àlàyé Faraday ni pé àwọn ìlà agbára ń jáde lára òòfà, bàbà tó ń kọjá sì ń gé wọn bí àdá ṣe ń gé koríko. Bí èyí tó gé ní ìṣẹ́jú àáyá kan bá ṣe pọ̀ tó ni volt ṣe ń pọ̀ tó.

Ìṣirò náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní agbára òòfà kárí gbogbo ojú àwo, kó jẹ́ tesla 0.1, kí àárín àwo sí etí rẹ̀ jẹ́ mítà 0.15. Bí àwo bá yí lẹ́ẹ̀kan, ìlà tó ti àárín dé etí á gba gbogbo ojú rẹ̀ kọjá, ìyẹn 3.142 × 0.15 × 0.15, tó jẹ́ 0.0707. Bó bá ń yí lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.1 × 0.0707 × 2 fún wa ní nǹkan bíi volt 0.014. Bí àwo bá fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, volt á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí ojú àwo ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Ní 1851, Faraday tún fi wáyà tó ń yí lẹ́bàá òòfà wọ̀n ọ́n: iye iná bá iye ìlà tí wáyà gé mu.

Nítorí náà ni mi ò ṣe gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ há fọ́múlà sórí. Kó kọ́kọ́ mọ ohun tí bàbà ń gé. Lẹ́yìn náà, yóò lè fúnra rẹ̀ kọ fọ́múlà náà jáde.