Fada: Ọ̀rọ̀ Ìgboro Ìlú Niamey

Fada ni àwọn ará Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, ń pe ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ń péjọ sí ẹ̀bá ọ̀nà láti mu tíì, láti ta káàdì àti láti tàkúrọ̀sọ. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe ibi ìjókòó wọn, tí a sábà máa ń kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí ara ògiri rẹ̀.

Láti inú èdè Haúsá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ààfin ni fada túmọ̀ sí. Fadawa sì ni àwọn ìjòyè tí ó yí ọba ká. Ìtumọ̀ yìí ni ó wà nínú orúkọ Fada N'Gourma ní Burkina Faso, èyíinì ni ààfin àwọn Gurma. Faɗa, tí í ṣe ìjà, jẹ́ ọ̀rọ̀ Haúsá mìíràn tí ìró rẹ̀ yàtọ̀. Fada ti èdè Faransé, tí ó ti èdè Provence wá, ń tọ́ka sí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ní ti Fàdá tí Yorùbá ń pe àlùfáà ìjọ Àgùdà, inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a.

Ní nǹkan bí ọdún 1990 ni ọ̀rọ̀ ààfin bẹ̀rẹ̀ sí í di ti ìgboro. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún náà, àwọn agbófinró yìnbọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wọ́de lórí afárá Kennedy ní Niamey, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ìyanṣẹ́lódì da ilé-ẹ̀kọ́ rú. Àpérò Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1991 sì gba gbogbo ẹnu. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò rí ẹ̀kọ́ kọ́, tí wọn kò sì rí iṣẹ́ ṣe, jókòó láti jíròrò gẹ́gẹ́ bí ìjòyè, ṣùgbọ́n láìsí ọba níwájú wọn.

Àwọn àgbà a máa fi wọ́n bú pé zaman kashe wando ni wọ́n ń ṣe, ìjókòó tí ń ba ṣòkòtò jẹ́. Síbẹ̀, inú fada ni ọ̀pọ̀ ti ń gbọ́ ìròyìn iṣẹ́, tí wọ́n ti ń dáwó fún ìgbéyàwó ẹlẹgbẹ́ wọn. Ní Zinder, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Faransé, palais, di orúkọ ẹgbẹ́ ajagboro, gẹ́gẹ́ bí fíìmù Zinder tí Aïcha Macky ṣe ní ọdún 2021 ti fi hàn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ọ̀rọ̀ náà ni a ó kọ́kọ́ wò kí a tó mọ̀ bóyá iyì ni tàbí èébú.