Ìwàásù Kristẹni ní Bouaké láti ọdún 1912

Àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire ni Bouaké wà, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé. Ìlú ọjà ni. Ibẹ̀ ni àwọn ará igbó ìsàlẹ̀ àti àwọn ará ọ̀dàn òkè ti ń pàdé ṣòwò, àwọn Dioula tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí sì ti ń ná ọjà níbẹ̀ kí àwọn Faransé tó dé. Àwọn Baoulé fúnra wọn mọ Nyamien gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run tó ju gbogbo wọn lọ, wọ́n sì ń bọ Asie, èyí tí í ṣe ilẹ̀. Wọn kò ní ọba kan ṣoṣo tí àṣẹ rẹ̀ dé ibi gbogbo. Abúlé kọ̀ọ̀kan ló ń tẹ̀ lé olórí tirẹ̀. Nítorí náà, oníwàásù tó bá wọ ilẹ̀ wọn kò lè retí pé bí ọba bá ti gbàgbọ́, ìlú yóò tẹ̀ lé e. Láti abúlé dé abúlé ni yóò máa lọ.

Ogun ló ṣáájú ìwàásù. Angoulvant, ará Faransé, di gómìnà Côte d'Ivoire ní 1908. Ó pinnu láti fi agbára tẹrí àwọn Baoulé ba: àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ìbọn wọn, wọ́n sun àwọn abúlé kan, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn jọ sí ojú kan. Nígbà tí yóò fi di 1911, ọ̀pọ̀ nínú ìjà náà ti rọlẹ̀. Ní 1912 ni ọkọ̀ ojú irin láti etíkun dé Bouaké. Ojú irin yìí mú ìrìn àjò rọrùn fún àwọn fadá Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Society of African Missions (SMA), tí wọ́n ti wà ní Côte d'Ivoire láti 1895. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ọmọ ogun àti agbowó-orí ń gbà. Kò yani lẹ́nu bí ará abúlé kò bá tètè rí ìyàtọ̀ láàárín wọn.

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní etíkun tún fa ìṣòro mìíràn. Láàárín 1913 sí 1914, William Wadé Harris, ọmọ Grebo láti Liberia, fẹsẹ̀ rin etíkun Côte d'Ivoire. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó mú ọ̀pá àgbélébùú lọ́wọ́. Ó ní kí àwọn ènìyàn sun òrìṣà wọn, ó sì ṣe ìrìbọmi fún àwọn tí àkọsílẹ̀ fi iye wọn sí nǹkan bí 100,000. Àwọn aláṣẹ lé e padà sí Liberia. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dé Bouaké, àmọ́ ẹ̀rù tó dá ba ìjọba dé ibẹ̀. Òfin tí Faransé ṣe ní 1922 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí ilé ìsìn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Ó tún sọ pé èdè Faransé, Látìn tàbí èdè ìbílẹ̀ nìkan ni kí wọ́n lò nínú ìsìn. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà dojú kọ jù lọ. Ìdènà ni, síbẹ̀ ó ṣe àǹfààní tí àwọn tó ṣe é kò rò: ó ti àwọn oníwàásù sídìí èdè ìbílẹ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì Pùrótẹ́sítáǹtì ti ẹgbẹ́ Christian and Missionary Alliance láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bouaké ní 1930. Iṣẹ́ náà falẹ̀. Iṣẹ́ tipátipá ń kó àwọn géńdé lọ sí oko kòkó àti kọfí àwọn òyìnbó ní ìsàlẹ̀, àwọn tí ìbá gbọ́ ìwàásù kò sì sí nílé. Òfin tí Houphouët-Boigny, ọmọ Baoulé, gbé kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris ló fòpin sí iṣẹ́ tipátipá náà ní 1946. Títúmọ̀ Bíbélì pẹ́ pẹ̀lú: Májẹ̀mú Tuntun ló kọ́kọ́ jáde, odindi Bíbélì ní èdè Baoulé kò sì jáde títí di 1998. Yorùbá ti ní tirẹ̀ kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Àwọn oníṣòwò tiwa náà gbé ìjọ wọn dé àwọn ìlú Côte d'Ivoire, ṣùgbọ́n nítorí pé èdè Yorùbá ni wọ́n ń lò, láàárín ara wọn ni ọ̀rọ̀ náà mọ.

Ìjọ Kátólíìkì fìdí múlẹ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ àti ètò. Bouaké di dáyósíìsì ní 1955, ó sì di ti àgbà bíṣọ́ọ̀bù ní 1994. Ní ti àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì, 1973 ni ìgbà tó so èso jù. Jacques Giraud, oníwàásù ará Faransé, ṣe ìpàdé àdúrà ìwòsàn ní Abidjan, lẹ́yìn náà ní àwọn ìlú àárín ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ Baoulé gbàgbọ́. Àwọn pásítọ̀ tó wà kò tó láti tọ́jú wọn.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ ogun Faransé kó àwọn ọmọ míṣọ́nnárì jáde kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, International Christian Academy. Báńkì àti ilé-iṣẹ́ ìjọba tì, ọ̀pọ̀ olùgbé sá lọ sí gúúsù. Ìjọba àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Ouagadougou ní oṣù Kẹta 2007, wọ́n sì dáná sun ohun ìjà ní Bouaké ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún náà. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì kò ṣí mọ́. Àwọn ìjọ ń bá ìsìn wọn lọ lábẹ́ àwọn pásítọ̀ àti fadá ọmọ ilẹ̀ náà.